Dual-energy lórí ẹ̀rọ X-ray àyà: ṣé èrè rẹ̀ tó owó tí wọ́n ń bù lé e?

Alákòóso_Ẹ̀ka

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo ilé. Ẹ̀ka tó ń ya àwòrán inú ara ni mò ń bójú tó ní ilé ìwòsàn kan tí kò tóbi jù. Ẹ̀rọ X-ray wa ti gbó, a fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta òmíràn fún wa kó ìwé iye owó méjì sílẹ̀: ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀rọ dígítà lásán, èkejì ní dual-energy lórí, ìyẹn ọgbọ́n fífi agbára ìtànṣán méjì ya ibì kan náà. Owó tó fi ga ju ti àkọ́kọ́ lọ kì í ṣe èyí tí èèyàn ń gbójú fò.

Ó ní tí a bá ti ya àyà aláìsàn, àwòrán mẹ́ta ni yóò jáde: èyí tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, èyí tí egungun ti kúrò lójú ẹ̀dọ̀fóró, àti èyí tó ku egungun àti ohunkóhun tó bá ní calcium nínú. Èyí tó fi hàn mí dùn ún wò, mi ò ní parọ́. Àmọ́ ta ni yóò gbé àwòrán tí kò dára wá polówó ọjà?

Nínú iṣẹ́ wa, àyà ló pọ̀ jù. A ní CT scan (X-ray tó ń ya inú ara ní ìpele ìpele), ṣùgbọ́n ìlà ibẹ̀ gùn. Ẹ̀yin tó ti lò ó, ẹ̀yin tó ń ka àwòrán, ẹ̀yin tó ń ṣírò owó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i.

Ayàwòrán_Àgbà

Ọ̀gá, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Kí àwọn tí kò sí nídìí iṣẹ́ yìí lè bá wa lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí ìtànṣán X-ray ṣe ń gba inú ẹran kọjá kọ́ ló ṣe ń gba inú egungun. Carbon, oxygen àti hydrogen ló pọ̀ nínú ẹran ara, calcium ló wà nínú egungun. Nọ́ńbà átọ́ọ̀mù calcium jẹ́ 20, ti oxygen jẹ́ 8, ti carbon jẹ́ 6. Tí agbára ìtànṣán bá wálẹ̀, calcium á máa gbé e mì ju ẹran lọ fíìfíì. Tí agbára bá gòkè, ìyàtọ̀ náà á dín kù. Nítorí náà, tí a bá ya ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan ní nǹkan bí 120 kV (kilovolt, agbára iná tí a fi ń yin ìtànṣán), èkejì ní nǹkan bí 60 kV, kọ̀ǹpútà lè fi ọ̀kan yọ lára èkejì títí egungun á fi pòórá. Tó bá yí ìwọ̀n tó fi ń yọ ọ́ padà, ẹran ló máa pòórá, egungun á ṣẹ́kù.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe é. Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtànṣán máa jáde, àárín wọn kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Nínú ti èkejì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, ṣùgbọ́n pátákó tó ń gba àwòrán ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta tó léra, wọ́n sì lè fi bàbà fẹ́lẹ́ sáàárín. Ìpele òkè ló ń gba èyí tí kò lágbára, èyí tó lágbára á kọjá lọ bá ti ìsàlẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tajà léèrè èwo ni tirẹ̀, torí àléébù ọ̀kan kì í ṣe ti èkejì.

Labalábá_Aláwọ̀

Ẹ má bínú pé mo yọjú, èmi kì í ṣe oníṣègùn. Ìyá mi ṣe àyẹ̀wò kan tí wọ́n pè ní dual-energy X-ray, ṣùgbọ́n egungun ìbàdí àti ti ẹ̀yìn ni wọ́n wò, pé bóyá ó ti ń gbó. Ṣé òun náà lẹ ń sọ yìí?

Ayàwòrán_Àgbà

Ẹ kú ìtọ́jú màmá. Rárá, DXA nìyẹn, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí egungun ṣe ki tó. Ìmọ̀ kan náà ló wà nídìí àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni DXA ń wá. Tí T-score (nọ́ńbà tó ń fi egungun ẹni wé ti ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le) bá jẹ́ −2.5 tàbí tó bá lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, òun ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ń kà sí osteoporosis, àìsàn egungun tó ń di ẹlẹgẹ́, láti 1994. Èyí tí ọ̀gá ń bèèrè, àwòrán ni, ojú èèyàn ló máa kà á. Ẹ̀rọ tó ń wo báàgì ní pápákọ̀ òfurufú náà ń lo ọgbọ́n yìí: òun ló fi ń kun oúnjẹ àti aṣọ ní àwọ̀ ọsàn, tó sì ń kun irin ní búlúù.

Dókítà_Olójú_Àyà

Èmi ni mo máa ń ka àwòrán, mo sì ti bá èyí ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó ti wúlò fún mi ní tòótọ́, kì í ṣe ibi tí ìwé ìpolówó sọ.

Egungun ìhà àti egungun tó dábùú lókè àyà bo apá tó pọ̀ nínú ẹ̀dọ̀fóró mọ́lẹ̀ lójú àwòrán. Kókó kékeré tó bá sá sẹ́yìn wọn, ojú lè fò ó, pàápàá lókè ẹ̀dọ̀fóró níbi tí egungun ti gun orí ara wọn. Inú àwòrán tí kò ní egungun ni irú kókó bẹ́ẹ̀ ti ń yọjú. Ìyẹn ni gbogbo èèyàn ń sọ. Èyí tí wọn kì í sọ ni pé àwòrán egungun, èyí tí àwọn kan kì í ṣí rárá, ló ń gbà mí lọ́wọ́ wàhálà jù.

Ẹ wo ibi tí egungun ìhà àkọ́kọ́ ti pàdé egungun rírọ̀ iwájú àyà. Bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè, calcium máa ń dì síbẹ̀, ó sì lè pọ̀ lápá kan ju apá kejì lọ. Nínú X-ray lásán, kókó ló jọ, ó sì wá bọ́ sí òkè ẹ̀dọ̀fóró gan-an, ibi tí ẹ̀rù jẹjẹrẹ ti ń bà wá jù. Kí ni mo fẹ́ kọ? “Òjìji kan wà lókè lápá ọ̀tún, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ṣe CT.” Aláìsàn gba ìwé náà, oorun ò kun ojú rẹ̀ mọ́. Tí dual-energy bá wà, màá ṣí àwòrán tí kò ní egungun: òjìji ti lọ. Màá ṣí ti egungun: òun rèé, ó lẹ̀ mọ́ ìhà àkọ́kọ́ gbọn-in. Mo kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó parí síbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kókó tí calcium ti kún, irú èyí tí ikọ́ ife àtijọ́ máa ń fi sílẹ̀. Tó bá hàn ketekete nínú àwòrán egungun, ọkàn mi á balẹ̀ ju kó má hàn lọ. Ìhà tó ṣẹ́ ńkọ́? Calcium tó dì mọ́ awọ tó bo ẹ̀dọ̀fóró lára àwọn tó ti bá asbestos ṣiṣẹ́ ńkọ́? Gbogbo wọn ló ń hàn dáadáa.

Ó níbi tí agbára rẹ̀ mọ o. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ọkàn ṣì wà lẹ́yìn ọkàn, torí ọkàn kì í ṣe egungun, kò ní kúrò níbẹ̀. Orí ọmú tó máa ń ṣe bíi kókó nínú àwòrán, ẹran ni, dual-energy kò ní yọ ọ́. Àmì irin kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn kí wọ́n tó tún àwòrán yà ṣì ni ojútùú rẹ̀, kò sì wọ́n.

Oníṣirò_Gbangba

Dókítà ti sọ tiwọn, ẹ jẹ́ kí n gbé bírò. Iye tó wà lórí ìwé kọ́ ni iye ẹ̀rọ.

Àkọ́kọ́ ni àdéhùn ìtọ́jú ẹ̀rọ. Lọ́dọọdún, ó sábà máa ń sún mọ́ ìdá 10 nínú 100 iye tí ẹ fi rà á. Bí ẹ̀rọ bá ti wọ́n sí i, ìyẹn náà á gòkè, ẹ ó sì máa san án títí ẹ̀rọ á fi kú. Ẹ tún bèèrè bóyá software tó ń yọ egungun jẹ́ tiyín pátápátá tàbí ẹ ó máa tún un san lọ́dọọdún.

Ibi ìpamọ́ àwòrán ńkọ́? Pátákó tó fẹ̀ ní 43 cm sí 43 cm, tí tóńtó (pixel) kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ jẹ́ 0.14 mm, á ní nǹkan bí 3,000 lóòró àti 3,000 níbùú. Àwòrán kan á gba nǹkan bí 18 MB kí wọ́n tó fún un pọ̀. Mẹ́ta á sún mọ́ 55 MB. Kò pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ CT, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó bá yín lójijì.

Èyí tí kò sí lórí ìwé rárá ni àsìkò ẹni tó ń kà á. Ká ní ìṣẹ́jú àáyá 20 péré ló fi kún orí àwòrán kọ̀ọ̀kan, tí ẹ sì ń ya 90 lójúmọ́, ààbọ̀ wákàtí dókítà ti lọ nìyẹn, lójoojúmọ́.

Ní ti èrè, ẹ bèèrè àpò ta ló ń wọ̀. CT tí a kò ṣe mọ́ ń dín owó kù fún aláìsàn àti fún ẹni tó ń sanwó fún un. Ilé ìwòsàn tó ra ẹ̀rọ lè má rí kọ́bọ̀ nínú ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ pé iye kan náà ni wọ́n ń san fún X-ray àyà, yálà dual-energy wà nínú ẹ̀ tàbí kò sí. Mi ò ní kí ẹ má rà á. Mo kàn ní kí ẹ má kọ èrè ẹlòmíràn sínú ìwé ìṣirò tiyín.

Labalábá_Aláwọ̀

Mo tún dé o. Ẹ ní ẹ̀ẹ̀mejì ni ìtànṣán máa jáde. Ṣé kò ní pa èèyàn lára?

Ìwọ̀n_Ìtànṣán

Ìbéèrè tó dára nìyẹn. X-ray àyà kan láti ẹ̀yìn wá síwájú jẹ́ nǹkan bí 0.02 mSv (millisievert, òṣùwọ̀n ìtànṣán tó wọ ara). Ìtànṣán tó wà nínú ayé fúnra rẹ̀, láti inú ilẹ̀, inú afẹ́fẹ́ àti ojú ọ̀run, tó 2.4 mSv lọ́dún fún èèyàn kan tí a bá pín in dọ́gba káàkiri ayé. Ẹ ṣe ìṣirò: àwòrán àyà kan kò ju ohun tí ẹ máa gbà ní bí ọjọ́ 3 lórí ìjókòó yín lọ. Tí dual-energy bá sọ ọ́ di ìlọ́po méjì pàápàá, a ò tíì kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ kan. CT àyà tí wọ́n ń ṣe déédéé lè tó 5 sí 7 mSv. Nítorí náà, tí dual-energy bá gba èèyàn kan ṣoṣo lọ́wọ́ CT tí kò pọn dandan, ohun tó fi pamọ́ ti ju àfikún orí aláìsàn 200 lọ. Kì í ṣe pé ká wá máa yìn ín sí gbogbo ẹni tó bá wọlé o. Òfin wa ni pé kí ìtànṣán kéré tó bó bá ti ṣeé ṣe, kí àwòrán sì ṣì ṣeé kà.

Ohun tó ń dà mí láàmú jù ni bí àwòrán ṣe máa ń rí lẹ́yìn ìyọkúrò. Tí ẹ bá fi àwòrán kan yọ lára òmíràn, èyí tó jọra nínú wọn ń pa ara wọn rẹ́, ṣùgbọ́n ṣákiṣàki ojú wọn kì í pa ara wọn rẹ́, ńṣe ló ń pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí àwòrán tí kò ní egungun fi máa ń rí ṣákiṣàki ju ojúlówó lọ. Nínú èyí tó ń yìn lẹ́ẹ̀mejì, agbára méjèèjì jìnnà síra dáadáa, nítorí náà egungun ń kúrò létòlétò. Ṣùgbọ́n ọkàn ò dúró de ẹnikẹ́ni. Láàárín ìyìn kìíní àti èkejì ó ti sún kúrò, ẹ ó sì rí ìlà funfun tàbí dúdú létí rẹ̀ àti létí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀. Ti ẹlẹ́ẹ̀kan kò ní wàhálà yẹn. Àmọ́ agbára méjèèjì súnmọ́ra jù, ìyàtọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa fi ṣiṣẹ́ kéré, ṣákiṣàki á sì pọ̀.

Ọmọ kékeré tí kò lè dá èémí dúró, àti ẹni tí èémí ń hán, ẹ má fi ti ẹlẹ́ẹ̀mejì ṣe é.

Aláríwísí_Ọ̀rẹ́

Gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwòrán tó dára sí i ń gba ẹ̀mí là ni. Ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí PLCO, àwọn tó lé ní 150,000 ni wọ́n kó jọ, wọ́n ń ya àyà ìdajì wọn lọ́dọọdún. Nígbà tí èsì jáde ní 2011, iye tí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró pa kò dín kù. Ọdún yẹn kan náà ni èsì ìwádìí mìíràn, NLST, jáde, àwọn tó lé ní 53,000 tí wọ́n ń mu sìgá tàbí tí wọ́n ti mu ún gan-an rí: àwọn tí wọ́n fi CT oníìtànṣán kékeré wò, ikú jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró fi ìdá 20 nínú 100 dín kù sí ti àwọn tí wọ́n fi X-ray wò. Tó bá jẹ́ wíwá jẹjẹrẹ lára ẹni tí ara rẹ̀ le ni, ẹ kó owó yín sí CT.

Ìyẹn ò tíì tán. Software wà báyìí tó ń yọ egungun kúrò nínú àwòrán X-ray lásán, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n yà á. Kò béèrè ẹ̀rọ tuntun. Kí la wá ń ná owó ńlá sí?

Dókítà_Olójú_Àyà

Ẹ̀gbọ́n, ọ̀rọ̀ yín lórí PLCO àti NLST, mo fara mọ́ ọn pátápátá. Kò sí ẹni tó yẹ kó ra dual-energy kó wá pè é ní ètò wíwá jẹjẹrẹ kiri. Àmọ́ ẹni tó ń wúkọ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, ẹni tó ṣubú, gbogbo wọn ṣì ń ya àyà, X-ray ni wọ́n sì ń kọ́kọ́ yà. Àwọn ni mò ń sọ.

Ní ti software, mo lò ó, ó sì dára fún wíwá kókó. Ẹ kàn mọ ohun tí ẹ rà. Ó ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán, ó mọ bí ìhà ṣe máa ń rí, ó wá ń pa ohun tó bá jọ ìhà rẹ́. Kò wọn calcium. Tí mo bá bi í pé, “Kókó yìí, ṣé calcium wà nínú rẹ̀?” àbá ló máa dá. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín 60 kV àti 120 kV, ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ara aláìsàn náà gan-an ni. Ẹni tó bá jẹ́ pé kókó tó sá pamọ́ nìkan ló ń wá, kó ra software, kó fi owó tó kù ra nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ohun tí kókó náà jẹ́, dual-energy ló máa bá a sọ̀rọ̀.

Aláríwísí_Ọ̀rẹ́

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe ń rí kókó sí i, ṣé ẹ ò ní máa rán èèyàn lọ sí CT sí i?

Dókítà_Olójú_Àyà

Ó lè rí bẹ́ẹ̀, lóòótọ́. Àwòrán tí kò ní egungun máa ń fi kún iye tí à ń rán lọ, ti egungun ló ń dín in kù. Ẹni tí kò bá ṣí ìkejì, òun ló máa kó èrò jọ sí ẹnu ọ̀nà CT. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo rẹ̀.

Ẹnjíníà_Inú_Yàrá

Èmi ni mo máa ń tú àwọn ẹ̀rọ yìí. Ọ̀gá Alákòóso, ẹ ní ìlà CT yín gùn. Kí ẹ tó sọ pé dual-energy máa gé e kúrú, ẹ mọ ohun tó wà nínú ìlà yẹn ná. Ẹ kó àwọn èsì X-ray àyà tí ẹ fi rán èèyàn lọ sí CT jáde, ẹ fi ti CT wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mélòó ló jẹ́ pé egungun ni, tàbí kókó tó kún fún calcium? Àwọn yẹn nìkan ni dual-energy ì bá dá dúró. Èyí tó kù, ẹ ṣì máa rán wọn lọ.

Ẹ tún mọ̀ pé ti ẹlẹ́ẹ̀mejì, inú yàrá ló ń gbé: ó nílò generator (apá ẹ̀rọ X-ray tó ń pèsè agbára ìtànṣán, kì í ṣe èyí tí à ń fi tan iná ilé) tó lè fo láti agbára kan sí òmíràn kíákíá, àti aláìsàn tó lè dúró. Ti ẹlẹ́ẹ̀kan, pátákó ni gbogbo ọgbọ́n wà, ẹ lè gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Níbi ìtọ́jú pàjáwìrì, ó máa ń jẹ́ kí wọ́n rí orí rọ́bà tí wọ́n kì bọ inú ara, àti afẹ́fẹ́ tó sá sí ìta ẹ̀dọ̀fóró. Àmọ́ ó wúwo ju pátákó lásán lọ, tó bá sì já bọ́, ẹ ó sunkún.

Alákòóso_Ẹ̀ka

Ẹ ṣeun gan-an ni. Mo ṣe bí Ẹnjíníà ṣe wí, èmi àti dókítà wa la jókòó tì í. Ohun tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù lọ sí CT lọ́dọ̀ wa jẹ́ òjìji ẹ̀yìn ọkàn, àti ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ ẹ̀dọ̀fóró. Egungun ìhà àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́, kókó oní-calcium náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tó ohun tí mo fi ń dá ara mi lójú nígbà tí ẹni yẹn ń fi àwòrán hàn mí.

Èyí tí mo wá ń rò ni ká ra ti lásán, àmọ́ kó jẹ́ irú èyí tí a lè fi dual-energy kún lọ́jọ́ iwájú. Ká wá fi lára owó tó ṣẹ́kù dán software wò lórí àwọn àwòrán tí a ti ní nílẹ̀.

Ẹnjíníà_Inú_Yàrá

Ó bọ́gbọ́n mu. Nígbà náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ nǹkan mẹ́ta sínú ìwé àdéhùn: pé generator tí wọ́n ń gbé wá yìí lè ṣe é láìjẹ́ pé ẹ tún ra òmíràn, iye tí wọ́n máa gbà lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ fi kún un, kó jẹ́ nọ́ńbà, kì í ṣe “a ó sọ̀rọ̀ rẹ̀”, àti pé wọ́n máa kọ́ àwọn tó ń yà á àti àwọn tó ń kà á, lẹ́ẹ̀kan sí i, nígbà yẹn. Èyí tí wọ́n bá fi ẹnu lásán sọ, ẹ kà á sí pé wọn ò sọ ọ́.

Alákòóso_Ẹ̀ka

Mo ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tó ń tajà. Ó ní òun ń bọ̀ wá rí ọ̀gá wa pátápátá, kò ní kí n wà níbẹ̀.

Oníṣirò_Gbangba

Ẹ wà níbẹ̀ o. Kí dókítà tó ń ka àwòrán náà wà níbẹ̀.